Gáàdì alùpùpù ìrìn-àjò àti irin ìdábùú rẹ̀: èwo ni kí ẹ mú?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun alùpùpù ńlá ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ló ti so gáàdì mọ́ ọn: irin yíká tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ́tùn-ún lósì, tó ń fi ara gba ilẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì àti táńkì má baà gbà á. Bí wọ́n bá fẹ́ rà á, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, "Èwo ló nípọn jù?" Ìbéèrè yẹn ní àyè tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: bí alùpùpù yìí bá wó lé gáàdì, ibo ni agbára ìṣubú náà ń gbà lọ? Bó bá jẹ́ orí bóòtù kan ṣoṣo tó wọnú ara ẹ́ńjìnnì ni gbogbo rẹ̀ dà lé, kí gáàdì nípọn bí apá, ẹ́ńjìnnì yín ṣì wà nínú ewu.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé ìfiwéra yìí lé irin ìdábùú, ìyẹn irin kúkúrú tó so gáàdì ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì, yálà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí níwájú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń tà á mọ́ gáàdì, àwọn mìíràn ń tà á lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ gáàdì sì wà lọ́jà tí kò ní in rárá.

Ohun tí irin ìdábùú ń ṣe

Alùpùpù ìrìn-àjò wúwo. BMW R1250GS wọn nǹkan bí 249 kg bí epo bá kún inú rẹ̀. Honda Africa Twin 1100 wọn nǹkan bí 226 kg. Suzuki V-Strom 650 náà ju 210 kg lọ. Ẹ wá gbé àpótí mẹ́ta lé e, pẹ̀lú omi àti ẹrù ẹni tó ń lọ sí Kìṣí tàbí Ìgbẹ́tì. Bó bá dojú bolẹ̀, ìgun ìta gáàdì ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ìgun yẹn sì jìnnà díẹ̀ sí bóòtù tó dì í mú. Bó bá ṣe jìnnà sí bóòtù tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ́ bóòtù náà tó. Gáàdì tí kò ní ìdábùú ń dá gba gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan: ó ń tẹ̀ wọnú, ó ń fi ẹ̀yìn ti ẹ́ńjìnnì tàbí rédíétọ̀, bóòtù á sì tẹ̀, tàbí kó fa ihò aluminíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ ya.

Káfíńtà kì í jẹ́ kí igi òrùlé méjì kàn forí kora lásán. Ó ń fi igi ìdábùú de ẹsẹ̀ wọn pọ̀, torí ó mọ̀ pé bí páànù bá gùn wọ́n tán, wọ́n á yà. Iṣẹ́ kan náà ni irin yìí ń ṣe. Bí ẹ̀gbẹ́ òsì bá gba ilẹ̀, ìdábùú á pín agbára náà dé ọ̀tún, bóòtù mẹ́rin tàbí mẹ́fà á sì jọ gbé ohun tí méjì ì bá dá gbé.

Èrè kejì wà tí àwọn èèyàn kì í ronú kàn. Gáàdì gígùn tí kò ní ìdábùú ń gbọ̀n bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré. Ẹni tó so iná àfikún mọ́ ọn yóò rí i lálẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ iná náà ń jó lójú ọ̀nà, àti pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ìdábùú ń dín gbígbọ̀n yẹn kù gan-an.

Àmọ́ ẹ má ṣe sọ pé bó bá ti le tó náà ló ṣe dára tó. Gáàdì yẹ kó rọ̀ ju férémù lọ. Òun la rà pé kó bàjẹ́: kó tẹ̀, kí agbára ìṣubú sì parí sínú títẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi irin tó le ju férémù lọ dè é lọ́tùn-ún lósì, ohun tó yẹ kó ba gáàdì jẹ́ á kọjá lára rẹ̀ lọ bá férémù, owó férémù kò sì ṣeé fi wé owó páìpù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi irin ráńpẹ́ kan hàn yín tó sì ń yangàn pé òun lè fi gbé tírélà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Ibi tí alùpùpù ti sábà máa ń ṣubú gan-an kò le púpọ̀. Ẹsẹ̀ ìgbéró rì sínú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹni tó ń yí padà lórí yanrìn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀. Wọ́n dá a dúró lójijì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Tákíè, ẹrù ẹ̀yìn sì gbé e. Irú ìṣubú báyìí ni gáàdì àti ìdábùú wà fún. Bó bá dọ̀rọ̀ ìkọlù pẹ̀lú tírélà ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àtijọ́, gáàdì kò lè ṣe ohun tí àṣíborí, ẹ̀wù tó nípọn àti ìwakọ̀ pẹ̀lẹ́ kò bá ṣe.

Mẹ́ta tó wà níwájú yín

Ìdábùú tí ẹ lè rí ni èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe fún irú alùpùpù yín gan-an, èyí tó ń fi kíláàm̀pù (irin tó ń há páìpù mọ́ láti ìta) di páìpù gáàdì mú tó sì lè bá alùpùpù oríṣiríṣi mu, àti èyí tí wẹ́dà bá yín ṣe.

| | Ti ilé iṣẹ́, fún irú alùpùpù yín | Oníkíláàm̀pù | Ti wẹ́dà |
|---|---|---|---|
| Bó ṣe bá a mu | Ihò rẹ̀ ti bọ́ sí àyè | Ó sinmi lórí ìwọ̀n páìpù | Ó sinmi lórí ọwọ́ ẹni tó ṣe é |
| Dídúró fún un | Ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, bó bá ń bọ̀ láti òkè òkun | Kò pẹ́ | Ọjọ́ kan tàbí méjì |
| Bó bá tẹ̀ | Ẹ ó tún ra òmíràn | Ẹ ó pààrọ̀ páìpù tàbí kíláàm̀pù | Wọ́n lè ṣe tuntun ní ìlú |
| Ibi tó ti ń kùnà | Bóòtù tí wọn kò fún dáadáa | Kíláàm̀pù yíyọ̀ | Ojú ibi tí wọ́n ti jó o |

Lórí ti ilé iṣẹ́, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá rí i, tí owó bá sì wà, òun ni kí ẹ mú. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ gbọ́dọ̀ wádìí ni ọdún àti irú alùpùpù. Gáàdì V-Strom ti ọdún kan lè máà wọlé sára ti ọdún tó tẹ̀ lé e, ìdábùú tí wọ́n ṣe fún gáàdì ilé iṣẹ́ kan kì í sì í sábà bá ti ilé iṣẹ́ mìíràn mu, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ara wọn ní fọ́tò. Ẹ fi nọ́ńbà alùpùpù yín àti orúkọ gáàdì tó wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Oníkíláàm̀pù ń fa ojú mọ́ra torí pé ó rọrùn láti so. Ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe sanra tó, wọn páìpù gáàdì yín kí ẹ tó rà á. Páìpù wọ̀nyí máa ń wà láàárín 22 sí 27 mm, kíláàm̀pù 25 mm kò sì ní di 27 mm mú, bẹ́ẹ̀ ni kò ní di 22 mm mú láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan kún un. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lábẹ́ kíláàm̀pù kò burú, ó ń dáàbò bo ọ̀dà. Rọ́bà tó nípọn, tí wọ́n gé lára tíúbù táyà láti fi dí àyè tó ṣẹ́ kù, á jẹ́ kó yọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Ẹ so kíláàm̀pù sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí páìpù ti tẹ kọ́rọ́ tàbí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ẹ má so ó sí àárín páìpù tó gùn tààrà, torí ibẹ̀ ló rọ̀ jù. Mo gbà pé oníkíláàm̀pù ti tó fún ẹni tó ń rìn ní ojú ọ̀dà nìkan. Fún ẹni tó ń wọ ọ̀nà erùpẹ̀, mi ò fọkàn tán an.

Ti wẹ́dà, tí ọ̀pọ̀ wa ó lò

Ibí yìí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí, torí pé ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ó gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè ṣe ìdábùú tó dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kó wọ̀lú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún un, kì í ṣe kí ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ sáà bá mi fi irin dè é."

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí irin. Ohun tó sábà wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ni rọ́ọ̀dù 16 mm tí wọ́n fi ń kọ́lé, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe gáàdì fún ọ̀pọ̀ ọ̀kadà. Ẹ kọ̀ ọ́ fún alùpùpù ńlá. Mítà kan rẹ̀ wọn 1.58 kg, nígbà tí mítà kan páìpù 25 mm tí ara rẹ̀ nípọn tó 2 mm kò ju nǹkan bí 1.13 kg lọ. Síbẹ̀, lábẹ́ ẹrù kan náà, rọ́ọ̀dù yẹn á rọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju páìpù náà lọ. Ó wúwo jù, ó sì rọ̀ jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn rọ́ọ̀dù kan wà tó jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n ti jó o ń gan, tó sì ń là lójijì dípò kó tẹ̀.

Bí ẹ bá wà láàárín páìpù tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ nípọn àti páìpù tó sanra tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ díẹ̀, èyí tó sanra ni kí ẹ mú. Páìpù 19 mm tí ara rẹ̀ nípọn tó 3 mm wọn díẹ̀ ju ti 25 mm tí ara rẹ̀ jẹ́ 2 mm lọ, síbẹ̀ ti 25 mm fi nǹkan bí ìdajì lágbára jù ú bó bá dọ̀rọ̀ títẹ̀. Àfi kí ẹ má lọ sí 1 mm o. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àga ilé oúnjẹ á dẹ́nú bí agolo.

Lẹ́yìn irin, ọ̀nà tó fi máa so ó. Ẹ má gbà kó jó ìdábùú tàbí gáàdì mọ́ férémù, láé. Iná ń sọ irin férémù di aláìlágbára ní ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó, gáàdì tó tẹ̀ kò sì ní ṣeé yọ mọ́ láìgé férémù. Férémù aluminíọ̀mù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó tọ́ ni pé kó ṣe ahọ́n irin pẹlẹbẹ sí orí méjèèjì ìdábùú, kó lu ihò sí i, kí bóòtù sì so ó mọ́ gáàdì. Bóòtù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan dára ju ọ̀kan lọ, torí pé bóòtù kan ṣoṣo á jẹ́ kó yí.

Ẹ jẹ́ kó gbé ìwọ̀n lórí alùpùpù, kó fi iná díẹ̀díẹ̀ mú un síbi tó wà, kó wá tú u kúrò kó lọ jó o parí lórí tábìlì. Kó tó fi iná kan ohunkóhun nígbà tó ṣì wà lára alùpùpù, ẹ ti yọ wáyà òdì kúrò lórí bátìrì, ẹ sì ti yọ ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Kó fi wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ mú irin tó ń jó gan-an, kì í ṣe rímù táyà ẹ̀yìn tàbí páìpù sólẹ́ńsà. Bí iná mànàmáná bá gba inú bíárín táyà kọjá, á dá ojú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ má bẹ̀rù láti sọ èyí fún un. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ kò ní bínú.

Bó bá parí, kó fọ ojú jíjó mọ́ kó tó fi ọ̀dà pupa ìpìlẹ̀ kùn ún. Orí páìpù gbọ́dọ̀ dí, kí ihò kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tí omi á gbà jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjò á wọlé, á sì dógùn-ún látinú bọ̀ síta.

Ti tòkúnbọ̀ ń kọ́? Bó bá bá alùpùpù yín mu, kò burú, àmọ́ ẹ gbé e lé ilẹ̀ títẹ́ kí ẹ tó rà á. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá gbéra, ó ti ṣubú rí, wọ́n sì ti tún un kùn.

Bóòtù

Ẹni tó ná owó ńlá sórí gáàdì tó wá lọ mú bóòtù lásán nínú agolo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo orí bóòtù: 8.8 tàbí 10.9, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí bóòtù ṣe lágbára tó, ni kó wà níbẹ̀. Bóòtù tí kò ní nọ́ńbà kankan lórí, ẹ fi í sílẹ̀ fún àga. Àwọn kan rò pé èyí tí kì í dógùn-ún ló lágbára jù nítorí dídán rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ A2-70 sí kò tó 8.8: 700 MPa ni agbára fífà rẹ̀, ti 8.8 jẹ́ 800 MPa. Ó lè wà níbi tí kò gba ẹrù, àmọ́ kì í ṣe níbi tí gáàdì ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Bí nọ́ọ̀tì irin ni bóòtù 8.8 ń wọ̀, M8 (bóòtù tó sanra tó 8 mm) ń gba nǹkan bí 25 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún bóòtù, M10 ń gba nǹkan bí 45 sí 50 Nm. Bó bá jẹ́ inú aluminíọ̀mù ẹ́ńjìnnì ló ń wọ̀, ìwé alùpùpù yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí ó sábà máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀. Sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń fi Nm hàn, ṣe pàtàkì níbí ju agbára ọwọ́ lọ. Loctite (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú) aláwọ̀ búlúù ti tó. Pupa á jẹ́ kí ẹ nílò iná láti tú u.

Síso ó

Bí bóòtù gáàdì bá jẹ́ èyí kan náà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, ẹ fi jáàkì gbé abẹ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú pákó lórí rẹ̀, kí ẹ sì máa yọ bóòtù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má yọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ki gbogbo bóòtù bọ ihò wọn láìfún èyíkéyìí, ti gáàdì àti ti ìdábùú pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn láti ara férémù àti ẹ́ńjìnnì bọ̀ wá síta, kí ìdábùú jẹ́ ìgbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fún ìdábùú á fi ipá fa gáàdì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bóòtù á wà nínú ìrora láti ọjọ́ kìíní. Bí ihò kò bá bára mu, bí ìyàtọ̀ náà bá kéré, ẹ lè fi okùn ìdẹrù fà á wọnú díẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin náà ló ṣì, ẹ má fi òòlù lù ú.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ tẹ iwájú alùpùpù wálẹ̀ títí, kí ẹ wò bóyá mọ́gáàdì tàbí táyà á kan ìdábùú. Èyí ṣe kókó fún alùpùpù tí iwájú rẹ̀ ń rìn jìnnà. Ti Africa Twin lè wọlé tó 230 mm bó bá já sí kòtò. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì dé òpin. Ẹ wo ààyè tó wà láàárín ìdábùú àti páìpù sólẹ́ńsà, àti bóyá ẹ ó ṣì lè yọ fílítà ọ́ìlì àti bóòtù tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Ìdábùú tó dí fílítà kì í ṣe ìparun, àmọ́ ẹ ó máa tú u nígbà gbogbo tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, mẹkáníìkì tó ń kánjú kò sì ní dá a padà dáadáa. Bó bá dí atẹ́gùn rédíétọ̀, ẹ gbé e sí ibòmíràn. Eruku ọyẹ́ nìkan ti tó láti mú rédíétọ̀ bínú.

Ohun kan tún kù: bí rọ́bà bá gbé ẹ́ńjìnnì alùpùpù yín, bíi ti àwọn Harley ìrìn-àjò, ẹ má fi ìdábùú so ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù. Férémù sí férémù nìkan ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo gbígbọ̀n tí rọ́bà ń gbà á bọ́ sí yín lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìrìn bíi 200 sí 300 km, ìyẹn lílọ àti bíbọ̀ Ìlọrin ní ìgbà díẹ̀, ẹ tún gbogbo bóòtù yẹ̀ wò.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ń lọ sí Ìlọrin tàbí Ìbàdàn lójú ọ̀dà, tó sì ń fi alùpùpù lọ síbi iṣẹ́ ní LAUTECH, gáàdì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìdábùú oníkíláàm̀pù tó ṣe ìwọ̀n á tó o. Bí kò bá gbé iná àfikún lé e, ó tilẹ̀ lè fi ìdábùú sílẹ̀ ná, kó fi owó rẹ̀ ra àṣíborí gidi.

Ẹni tó ń gba Ìkòyí-Ilé lọ sí Ìgbẹ́tì àti Kìṣí, tàbí tó ń gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí, tí ọ̀nà erùpẹ̀ àti yanrìn ń dúró dè, kó má lọ láìní ìdábùú tí bóòtù so. Bó bá gbọ́dọ̀ yan láàárín gáàdì olórúkọ ńlá tí kò ní ìdábùú àti gáàdì páìpù 25 mm tí wẹ́dà ṣe, tó ní ìdábùú àti bóòtù 8.8, èmi á ní kó mú ti wẹ́dà.

Ẹlẹ́rọ kékeré, Boxer àti irú rẹ̀, kò nílò gbogbo èyí. Alùpùpù náà fúyẹ́, iṣẹ́ gáàdì rẹ̀ sì ni láti dáàbò bo ẹsẹ̀. Kí wẹ́dà fi ìdábùú kan so ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ó tó.

Bó bá ti ṣubú

Ẹ má kàn gbé e dìde kí ẹ sì máa lọ. Ẹ wo ọ̀dà lójú ibi tí wọ́n ti jó o. Ibi tí ọ̀dà bá ti là ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, irin abẹ́ rẹ̀ ti ń là nìyẹn. Ẹ tú bóòtù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tó gba ilẹ̀, kí ẹ yí i lórí gíláàsì; bó bá ń mì, ó ti tẹ̀, ẹ jù ú nù. Ẹ tú ti ẹ̀gbẹ́ kejì náà, torí pé ìdábùú ti gbé lára ìṣubú náà dé ibẹ̀. Gáàdì tó tẹ̀ kọjá bí ìka kan, kí wọ́n má fi iná tọ́ ọ padà sípò: páìpù tó ti tẹ̀ tí wọ́n sì fi iná tọ́ kì í ní agbára tó ní tẹ́lẹ̀. Ìdábùú ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, torí òun ló rọjú jù, kí ẹ sì fi tuntun náà wò bóyá ihò gáàdì méjèèjì ṣì wà ní ipò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀ mọ́, férémù ni kí ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wọ̀n kí ẹ tó tún gbé ẹrù lé e.